Ohùn Ṣófo Nínú Yàrá Dígí

"Ẹ káàárọ̀ o," ni ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ilé Ìgbọ́ràn wí. Fadérera ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, síbẹ̀ kò tíì mọ́ ọn lára. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ ní ìkúnlẹ̀ kó tó mọ ìwé kà, báwo ni yóò ṣe gbọ́ "ẹ káàárọ̀" lẹ́nu àgbà tí ọ̀fun rẹ̀ kò ní í fẹ́ dáhùn? Ìdáhùn náà dìde, ó gbé e mì. Ó gbójú sílẹ̀ bó ṣe ń kọjá, ó sì rí bàtà ọkùnrin náà tó ti lanu níwájú, àti ike omi gbígbẹ tó gbé sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ omi ìjọba wà lára ògiri níbẹ̀, kò ju kó na ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi Odò-Ìrókò kì í tú omi fún ẹni tí kò bá dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn ilé, ọkọ̀ èrò àti ilé ìwòsàn ṣe ń ṣe.

Láṣebíkan ni orúkọ ọkùnrin náà. Aránṣọ ni, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Afárá kí wọ́n tó sọ pé ohùn rẹ̀ ṣófo, pé olè ohùn ni. Fadérera kò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń gbọ́, òfin iṣẹ́ wọn ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ní kí etí gbàgbé. Ọkùnrin yìí ti jókòó nínú yàrá ìsọ̀rọ̀ rí, ó ṣàlàyé bí a ṣe ń gé ọrùn bùbá, Fadérera sì wà lára àwọn tó gbé pátákó ṣófo kalẹ̀ fún un.

Fadérera sọ orúkọ rẹ̀ sí etí ẹnu ọ̀nà, irin roboto kan tó tó ọmọrí ìkòkò, tí iná búlúù wà láàárín rẹ̀. Iná náà ṣẹ́jú. "Fadérera Akínlolú, olùgbọ́. Kọjá," ni etí náà wí. Wọ́n kọ òfin sókè orí rẹ̀ gàdàgbà, kí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde lè rí i: ẸNI TÓ BÁ DÁ OHÙN ṢÓFO LÓHÙN, OHÙN TIRẸ̀ NÁÀ ṢÓFO. Lẹ́yìn rẹ̀, Láṣebíkan ti tún ń kí ẹlòmíràn.

Bàbá Ṣóyẹmí, olórí àwọn olùgbọ́, ti dé ṣáájú, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èèyàn ńlá ni, ohùn rẹ̀ sì tún tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Tó bá rẹ́rìn-ín lókè, àwọn tó ń dáná nísàlẹ̀ á mọ̀. Ó bi Fadérera léèrè àlàáfíà ọkọ, àlàáfíà ọmọ, àlàáfíà ìyá. Fadérera ní dáadáa ni gbogbo wọn wà. Kò sọ fún un pé ìyá òun pe òun lórí aago lálẹ́ àná, tó ń gbàdúrà fún òun títí àdúrà náà fi gùn ju ti ojoojúmọ́ lọ, tí kò sì sọ ohun tó fa àdúrà. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti òwúrọ̀.

Kíkẹ́lọmọ ni ẹnì kẹta wọn, ọmọbìnrin kan tó gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn wọn. Ó ń fi òwú nu etí rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó rọra, pé etí yẹn kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, ti ìjọba ni. Ó wá sọ ìròyìn tó wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọ̀gá lókè ti ránṣẹ́ pé kò sí Ilé Ìgbọ́ràn mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ ń ba olè ohùn tó tiwọn yìí. Wọ́n fẹ́ wá fún wọn ní àmì-ẹ̀yẹ.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti tún yàrá wa ṣe," ni Bàbá wí, "ńṣe ni olè kàn ń jẹ́wọ́ ara rẹ̀."

Inú rẹ̀ dùn, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n máa gbọ́ lónìí, ó ní. Gbogbo ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún gbọ́dọ̀ wá tún ohùn rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, nítorí ohùn máa ń yí bí ara bá ń gbó. Àwọn olè sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohùn arúgbó ni wọ́n ń jí jù báyìí.

Fadérera kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí òfin yìí. Ọmọdé ni ní ọdún olè ohùn, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń sín ohùn ènìyàn jẹ wà lọ́wọ́ gbogbo jàǹdùkú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn àbúrò bàbá rẹ̀ pè láti ìta pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣílẹ̀kùn, èmi ni." Bàbá rẹ̀ ṣí i. Kì í ṣe àbúrò rẹ̀ ló dúró síta, bàbá rẹ̀ kò sì rí ojúmọ́ ọjọ́ kejì. Láti ìgbà náà ni Fadérera ti gbà pé ó yẹ kí ẹnì kan wà tí yóò máa gbọ́ ohùn fún ìlú. Nígbà tí ẹ̀rọ ìjọba kò lè dá ohùn èké mọ̀ mọ́, tó wá di pé etí ènìyàn nìkan ló kù, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yọjú.

Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọ yàrá.

Yàrá ìgbọ́ràn ní àga mẹ́ta, tábìlì kan, àti àpótí ohùn ńlá méjì tí wọ́n fi igi ṣe, tó kọjú sí wọn. Láti inú àpótí yìí ni ohùn ẹni tó wà ní yàrá ìsọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Akọ̀wé wà lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, èèwọ̀ ni. Ohùn yòówù tó bá dún nínú yàrá náà, Akọ̀wé á gbà pé ṣe ni wọ́n mú un wá fún ìdájọ́, á tan iná kan fún un, ilẹ̀kùn kò sì ní í ṣí títí àwọn tó kù á fi gbé pátákó kalẹ̀ lórí ohùn náà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí Kíkẹ́lọmọ rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, Bàbá fẹsẹ̀ gbá tábìlì, Kíkẹ́lọmọ sì ní "pẹ̀lẹ́, sà" kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Wọ́n dá a lẹ́jọ́ lójú ẹsẹ̀. Ohùn rẹ̀ kún nígbà náà, ó bọ́, ó sì sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà, ńṣe ni wọ́n ń panu mọ́ bí wọ́n bá ti wọlé, wọn kì í tilẹ̀ wúkọ́.

Pátákó pẹlẹbẹ wà níwájú kálukú wọn, ọ̀rọ̀ kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lílọ́wọ́ọ́wọ́, dídán, rírú, gbígbẹ: àwọn wọ̀nyí kì í pa ẹnikẹ́ni lára, wọ́n kàn ń sọ bí ohùn ṣe rí ni. Kíkún àti ṣófo ló ní agbára. Bí ènìyàn méjì nínú mẹ́ta bá ti gbé ṣófo kalẹ̀, ó parí.

Kì í ṣe iléèwé ìjọba ni Fadérera ti kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Yàrá àlejò ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ wọn. Ìyá rẹ̀ ní àpótí ohùn méjì tó jogún, ó sì fẹ́ràn wọn débi pé bàbá rẹ̀ máa ń ní orogún òun ni wọ́n. Á gbé àwo orin lé e, á ní kí ọmọ òun dijú, á bi í pé báwo ló ṣe rí. Bí gìtá bá ń tàn lókè débi pé ó ń fẹ́ ta etí, dídán ni. Bí olórin bá sún mọ́ ọ tó fi dà bíi pé o lè gbọ́ bó ṣe ń mí, lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Bí ohun ìsàlẹ̀ bá dà rú mọ́ ara wọn bí omi odò tí màlúù ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nínú rẹ̀, rírú ni. Bí ohùn bá ti ń jáde ló ń parí, tí kò ní ìrù kankan lẹ́yìn, gbígbẹ ni. Kíkún ni ìgbà tí kò sí ohun tó sọnù láti ìdí títí dé orí. Ṣófo sì ni ìgbà tí àárín rẹ̀ ti lọ, tó kù kìkì èèpo, bíi pé inú àgbá ni olórin náà ti ń kọrin. Nígbà náà, eré ni. Ẹni tí olórin rẹ̀ bá ṣófo kàn ń yí àwo padà ni.

Wọ́n gbọ́ ọkùnrin kan, wọ́n gbọ́ òmíràn. Kíkún, kíkún. Ẹnì kẹta ń ṣàlàyé bí a ṣe ń dẹ igbín lójò, ohùn rẹ̀ sì jáde láì ní àárín. Bàbá gbé ṣófo, Kíkẹ́lọmọ gbé ṣófo. Fadérera náà gbé e, nítorí ohun tó gbọ́ nìyẹn. Ibì kan nínú ilé náà, ilẹ̀kùn kan ṣí, wọ́n mú ọkùnrin náà jáde.

Ohùn obìnrin ló kàn.

"Ọ̀jọ̀jọ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé," ni ohùn náà wí. "Ẹ wá ewùrà tó gbó dáadáa. Ẹ bó o, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má kánjú. Ẹ rin ín. Ẹ má kánjú o, ọwọ́ yín ló máa jẹ."

Fadérera mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kò sí ẹlòmíràn ní ayé tó máa ń sọ "ẹ má kánjú" lẹ́yìn gbogbo ohun tó bá sọ nínú ilé ìdáná. Àdúrà àná yé e wàyí. Òfin kò gbà kí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbọ́ sọ ọ́ fún ìbátan tó ń ṣe olùgbọ́, ìyá rẹ̀ sì bẹ̀rù òfin ju ejò lọ.

Ẹ̀rù tó tún ju èyí lọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohùn náà ṣófo. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni, bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ náà ni, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ti lọ. Ìyá rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́ débi pé ọmọ àwọn aládùúgbò máa ń wá sùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú àgbá. Fadérera rántí ohùn àbúrò bàbá rẹ̀ níta. Bí èyí bá jẹ́ olè, ibo ni ìyá òun wà? Ta ló gbàdúrà fún òun lórí aago lánàá? Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan.

Kíkẹ́lọmọ ti gbé ṣófo kalẹ̀. Ọmọ náà kì í ṣe ìkà, òótọ́ ohun tó gbọ́ ló fi hàn. Òfin ní kí olùgbọ́ tó bá dá ìbátan rẹ̀ mọ̀ nawọ́ sókè, kó sì jáde, kí àwọn tó kù parí ọ̀rọ̀. Bí Fadérera bá jáde, Bàbá á gbé ṣófo, ó parí nìyẹn. Bó bá jókòó, Bàbá á gbé ṣófo, ó parí náà nìyẹn. Kíkún tirẹ̀ nìkan kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

"Ẹ gé àlùbọ́sà sí i, àti ata," ni ohùn náà wí. "Ẹ má kánjú."

Fadérera gbé ojú kúrò lára àpótí ohùn, ó wo ògiri, nítorí kò mọ ibòmíràn tó lè wò. Ó rí ara rẹ̀ nínú dígí. Dígí ni gbogbo ògiri yàrá náà báyìí, ó ń kọ mànà. Nígbà àjọ̀dún òfin ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí yàrá lè dára lójú àwọn àlejò tó ń bọ̀. Kíjìpá ni wọ́n yọ kúrò, aṣọ híhun tó nípọn, èyí tí wọ́n ti fi bo ògiri láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Àwọn ọ̀gá ní ó ti gbó, ó dà bí ilé arúgbó.

Kíjìpá wà lára ògiri yàrá àlejò ìyá rẹ̀ náà. Ìrántí náà dé láì pè é. Ó jẹ́ ọjọ́ Sátidé kan tí wọ́n kó gbogbo aṣọ náà lọ fọ̀ lódò. Òun, ọmọ kékeré, gbé àwo tó fẹ́ràn jù lé e, ó sì sáré lọ bá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú omijé pé olórin òun ti ṣófo. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, "Olórin kọ́ ló ṣófo, ọmọ mi. Ilé wa ni. Ohùn lu ògiri lásán, ó padà wá jẹ ara rẹ̀." Nígbà tí aṣọ gbẹ, tí wọ́n gbé e kọ́ padà, olórin náà kún bíi ti tẹ́lẹ̀.

Fadérera fi èékánná ta etí tábìlì, jẹ́jẹ́. Ìró náà lọ, ó sì padà láti ara dígí ní tínrín. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé òun ń wá ohun tí òun fẹ́ gbọ́ ni. Ohùn ènìyàn nìkan ló lè sọ ọ́, ohùn ènìyàn tó wà láàyè, tí òun mọ̀ nítòótọ́, tó máa dún nínú yàrá yìí gan-an. Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti lẹ dígí mọ́ ògiri. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn ló ti bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀.

Ọwọ́ Bàbá ti ń lọ sí pátákó ṣófo.

Fadérera gbé ife omi rẹ̀, ó dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ bu sí i. Ó fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ àga, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò fọwọ́ gba ara dúró. Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá ilẹ̀ olókùúta, ife omi tẹ̀ lé e, ó fọ́. Ìrora náà gba ara rẹ̀ kan, ó gé ètè jẹ kó má bàa ké.

"Pẹ̀lẹ́," ni Bàbá Ṣóyẹmí wí. "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi."

Kò sí bí kò ṣe ní sọ ọ́. Wọ́n ti fi sí i lẹ́nu láti kékeré, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi sí ẹnu gbogbo wa, pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú níwájú rẹ, o ò ní í dákẹ́. Òfin ìjọba kò tíì pẹ́ láyé tó ìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà jáde, ó lu dígí, ó sì padà bá wọn. Ohùn ńlá tó máa ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ohùn tí àwọn tó ń dáná nísàlẹ̀ mọ̀, dé etí wọn láì ní àárín, láì ní ìdí, bí ohùn inú àgbá.

Iná kejì tàn lórí Akọ̀wé.

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Fadérera dìde láti ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń yọ lórúnkún rẹ̀, ó sì rí i lójú àgbàlagbà náà pé ó gbọ́ ara rẹ̀. Ó ń wo dígí kan, ó tún ń wo èkejì, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ ibi tí kò mọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Fadérera, àánú náà kò sì dá a dúró. Ó jókòó, ó mú pátákó ṣófo tirẹ̀, ó nà án sókè iná Bàbá, kò gbé e kalẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ kejì tọ́ka sí iná àkọ́kọ́, ti obìnrin tó ń ṣàlàyé ọ̀jọ̀jọ̀.

Ohùn inú àpótí ní kí wọ́n jẹ́ kí epo gbóná dáadáa, kí wọ́n má kánjú.

Bàbá ti pátákó ṣófo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá kíkún, ó rí i, ó gbé e kalẹ̀ fún obìnrin náà. Fadérera gbé tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Iná àkọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà ló tó gbé kíkún kalẹ̀ fún Bàbá, àwọn méjèèjì sì kọjú sí Kíkẹ́lọmọ.

Ọmọbìnrin náà kò wò wọ́n. Dígí ló ń wò. Òun nìkan nínú wọn ni ohùn rẹ̀ ti dún nínú yàrá yìí rí nígbà tí kíjìpá ṣì wà, ohùn rẹ̀ sì kún lọ́jọ́ náà. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ láì dún. Nígbà tó ṣe, ó gbé kíkún kalẹ̀, ó tún fa pátákó ṣófo rẹ̀ sábẹ́ aṣọ bíi pé ó fẹ́ fi pamọ́. Ilẹ̀kùn ṣí.

Bàbá wọ bàtà, ó mú Fadérera lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú ni," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ni obìnrin yẹn?"

"Ìyá mi ni, sà."

Ó fara ti ògiri. Ohùn rẹ̀ ti kún padà níta níbí, òun náà sì gbọ́ ọ, nítorí ó fi ikọ́ kékeré kan dán an wò. Fadérera sọ ohun gbogbo fún un, nípa kíjìpá, nípa dígí, nípa Sátidé ìfọṣọ. Ó ní kì í ṣe olè ló pọ̀ sí i, yàrá àwọn ló ṣófo. Gbogbo ẹni tí àwọn ti rán jáde láti ìgbà àjọ̀dún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ènìyàn gidi ni wọ́n.

"Mo gbọ́ ọ," ni Bàbá wí. "Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ta ni a ó lọ sọ ọ́ fún?"

"Àwọn ọ̀gá, sà."

"Àwọn ọ̀gá tó lẹ dígí? Wọ́n á ní kí a wá jẹ́rìí. Ibo ni wọ́n ti ń gba ẹ̀rí olùgbọ́, Fadérera? Nínú yàrá yẹn náà ni. A ó dúró níbẹ̀, a ó la ẹnu, ohùn wa á jáde ní ṣófo, ẹlòmíràn á sì gbé pátákó kalẹ̀ fún wa."

Ẹ̀rù tó ti ba Fadérera nínú yàrá kò tó èyí, nítorí ti inú yàrá ní ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi aṣọ bo ògiri, òun á ní oòrùn ló ń ta lójú, kò ní í pẹ́, bóyá kí òjò tó dé. Ó ní kó fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti bọ́, kó lọ sílé, kó lọ tọ́jú orúnkún rẹ̀.

"Àwọn tó kù ńkọ́, sà?"

Bàbá Ṣóyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀. Bàtà náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tí Fadérera tiro dé ẹnu ọ̀nà. Ó rí ìyá rẹ̀ níwájú, tó ń sọ orúkọ rẹ̀ fún etí. Etí ní kó kọjá, ohùn ìyá rẹ̀ sì dún ní gbangba bó ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ irin, nítorí èèyàn bẹ́ẹ̀ ni. Ohùn náà lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ó kún láti ìdí dé orí. Fadérera di ilẹ̀kùn mú kó má bàa tún ṣubú, lọ́tẹ̀ yìí láì mọ̀ọ́mọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Láṣebíkan wí fún ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀, tó kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀, gbójú sílẹ̀. Ó lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó sọ̀rọ̀ sí i, ó bu omi sí ike ọkùnrin náà, ó gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó wá sọdá títì lọ síbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀, ó rọra ń rìn, kò wẹ̀yìn.

Láṣebíkan mu omi. Ó nu ẹnu rẹ̀, ó sì kọjú sí Fadérera. Ọ̀sán ti pọ́n, ṣùgbọ́n kíkí òwúrọ̀ ló tún kí. Ó yé Fadérera wàyí ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó dáhùn kíkí yẹn, báwo ni yóò ṣe bọ́ sórí òmíràn?

"Ẹ káàárọ̀ o," ló wí.

Fadérera wo iná búlúù tó wà lára etí. Ó ronú kan ọkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀, ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ó ronú kan ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà padà, tí òfin á ní kó má dá a lóhùn mọ́. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù náà kò dínkù rárá. Ó fi orúnkún tó ti bó kan ilẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ló wí. "Ṣé dáadáa ni ẹ jí?"

Iná etí yí padà, ó pọ́n. "A dúpẹ́," ni Láṣebíkan wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó rin ìrìn àjò.

Fadérera fẹ́ dìde, orúnkún rẹ̀ kò gbà fún un. Ó ké, díẹ̀, kó tó mọ̀. Ní òdìkejì títì, ìyá rẹ̀ yí padà. Ó rí ọmọ rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀, ó rí iná pupa. Kò sí bí kò ṣe rí i.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ pè, ó sì ti ń sọdá padà bọ̀. "Pẹ̀lẹ́. Má kánjú dìde."